Kókó 377: bí mo ṣe di ìṣirò ara ọ̀pẹ mọ́ àdìrẹ oníko

Aṣọ àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ kí n tó di kókó kan ṣoṣo sí i. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ sàmì 89 sórí rẹ̀, láti àárín bọ́ sí etí, mo wá dìde lórí eékún, mo wò ó láti òkè. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni mo rí: ìlà mẹ́jọ tó nà tọ́ọ́rọ́, àlàfo gbàgàdà láàárín wọn. Lápá etí, ààmì méjì tó tẹ̀ lé ara wọn lórí ìlà kan kò fi ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ síra, bẹ́ẹ̀ ìlà kan jìnnà sí èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 18.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ màmá aládìrẹ tó wà lẹ́yìn ilé wa. Láti kékeré ni mo ti ń jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń dì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wò ó bóyá ìko á gba àárín àwọn ààmì yìí."

Wọ́n fọwọ́ gbá orí aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan. "Kò lè gbà á. Níbí fún jù, níbí ṣófo. Ṣé o ká aṣọ yìí sí mẹ́jọ kí o tó sàmì sí i ni?"

N kò ká a. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe kò yàtọ̀ sí kíká, wọn ò sì tíì mọ ohun tí mo ń ṣe tí wọ́n fi rí i. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe

Ẹni tó bá mọ àdìrẹ oníko yóò mọ Oṣù Bàǹbà: òbìrí ńlá kan, kókó kéékèèké tí a fi ìko dì yí i ká, ọ̀wọ́ lórí ọ̀wọ́, bí ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ lóru. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo àdìrẹ yòókù lọ. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Abẹ́òkúta níbí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí a bá to àwọn kókó náà bí ọ̀pẹ ṣe ń to imọ̀ rẹ̀?

Dúró ti ọ̀pẹ tí wọ́n gé imọ̀ rẹ̀ tí kùkùté imọ̀ náà ṣì wà lára rẹ̀. Fi ìka tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ń lọ́ gòkè bí okùn tí a fi wé igi, ọ̀wọ́ 8 sí apá kan, ọ̀wọ́ 13 sí apá kejì. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ọ̀pẹ pàápàá ń gbára lé e. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ oúnjẹ tí ọ̀pẹ kò rí jẹ tó nínú ilẹ̀, imọ̀ kẹtàdínlógún ni wọ́n máa ń gé wò. Wọn kò ní ka gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó rí i. Wọ́n á mú imọ̀ kìíní lókè, wọ́n á bọ́ sórí ìkẹsàn-án tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á tún bọ́ sórí ìkẹtàdínlógún. Mẹ́jọ mẹ́jọ ni wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn lórí ìlọ́ kan.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ra mẹ́ta lọ́jà, mo fi bírò kọ nọ́ńbà sí ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó bó wọn. Ojú kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: 8 sí apá kan, 13 sí apá kejì, àti 21 tó dúró ṣánṣán jù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá ara mu. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló jẹ wọ́n, nọ́ńbà bírò lára èèpo.

Àṣìṣe mi rèé. Mo rí i pé imọ̀ kẹsàn-án fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ ìkìíní gan-an, mo sì ṣírò rẹ̀ bí ẹni pé ó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Imọ̀ mẹ́jọ, ìyípo mẹ́ta. Mẹ́ta nínú mẹ́jọ ti dígírì 360 jẹ́ 135. Mo wá ń yí dígírì 135 fún ààmì kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ lọ́nà 135 jẹ́ ìyípo mẹ́ta géérégé, nítorí náà ààmì kẹsàn-án padà sórí ìlà ìkìíní, ìkẹwàá sórí ti ìkejì, títí lọ. Sípóòkù ló jáde. Aṣọ tí a ká sí méjì, ká sí mẹ́rin, ká sí mẹ́jọ, yóò fún ọ ní dígírì 135 láìlo rúlà rárá. Ìlọ́po méjì ni ọ̀nà kíká, 2, 4, 8, 16, ọ̀nà kan náà tó gbé Odù Ifá dé 256. Ó lẹ́wà ní ipò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kì í ká nǹkan.

Mo padà sídìí ọ̀pẹ pẹ̀lú okùn tí mo so òkúta mọ́. Mo jẹ́ kó rọ̀ láti orí kùkùté kan wá sí ìkẹjọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò bọ́ sórí rẹ̀. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ìyàsẹ́gbẹ̀ẹ́ kékeré yẹn ni gbogbo ẹwà náà.

Àwọn nọ́ńbà náà

Wọ́n rọrùn. Fi méjì tó kẹ́yìn kún ara wọn, èyí tó kàn yóò jáde: 1, 1, 2, 3, 5, 8, 13, 21, 34, 55, 89, 144, 233, 377. Fibonacci ni ayé ń pè wọ́n, ìyẹn Leonardo ará Pisa ní Ítálì, tó fi ìbéèrè nípa ehoro tó ń bímọ gbé wọn jáde nínú ìwé Liber Abaci ní 1202. Áfíríkà ló ti bá nọ́ńbà tí gbogbo wa ń lò lónìí pàdé, ní Bugia, ìlú etíkun kan ní Algeria òde òní, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn oníṣòwò Pisa. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́dọọdún. Àwọn ará Íńdíà ti mọ̀ wọ́n ṣáájú rẹ̀. Hemachandra kọ wọ́n sílẹ̀ ní nǹkan bí 1150, nígbà tó ń ka iye ọ̀nà tí a lè gbà to sílébù kúkúrú àti gígùn sínú ìlà ewì. Onílù á tètè mòye rẹ̀: bí ìró kúkúrú bá gba àyè kan tí gígùn gba méjì, ọ̀nà márùn-ún ló wà láti kún àyè mẹ́rin, mẹ́jọ láti kún márùn-ún, 13 láti kún mẹ́fà.

Wá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan pín pẹ̀lú èyí tó ṣáájú rẹ̀. Tí a bá fi 5 pín 8, 1.6 ni, tí a bá fi 8 pín 13, 1.625 ni, tí a bá fi 13 pín 21, 1.615 ni. Ó ń kọjá, ó ń rẹlẹ̀, ó ń kọjá, títí yóò fi rọ̀ mọ́ 1.618. Ìpín wúrà nìyẹn. Euclid, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìkì, ti ṣàlàyé rẹ̀ ní nǹkan bí 300 ṣáájú ìbí Krístì: pín ìlà sí méjì, kí gbogbo rẹ̀ fi ìlọ́po ju apá ńlá lọ bí apá ńlá ṣe ju apá kékeré lọ. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyípo òbìrí kan, apá kékeré yóò jẹ́ dígírì 137.5 àti díẹ̀. Fi 137.5 sí ipò 135. Dígírì méjì àbọ̀ péré ló wà láàárín wọn.

Ọjọ́ téèpù

Èyí ni ọjọ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, máa sì rọra sọ ọ́.

Báwo ni èèyàn ṣe ń wọn dígírì 137.5 nígbà 377 lórí ilẹ̀ yàrá? Protractor àwọn ọmọ iléèwé kéré ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, àṣìṣe tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ lórí rẹ̀ á sì fẹ̀ tó ìka kan létí aṣọ. Bí mo bá tún ń wọn ààmì kọ̀ọ̀kan láti orí èyí tó ṣáájú, àṣìṣe á máa gun orí àṣìṣe. Mo jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ méjì.

Mo wá rí i pé 55 nínú 144 ti dígírì 360 jẹ́ 137.5 géérégé. Méjèèjì wà nínú ẹsẹ nọ́ńbà yẹn. Nítorí náà, bí mo bá pín òbìrí sí ọ̀nà 144 tó dọ́gba, mo kàn ní láti máa fo 55. Kò sí dígírì mọ́, kíkà lásán ló kù. Báwo ni a ó ṣe pín òbìrí sí 144? Téèpù télọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 150. Bí etí òbìrí kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 144 yíká, sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan orí téèpù jẹ́ ọ̀nà kan. Irú òbìrí bẹ́ẹ̀, láti àárín sí etí, jẹ́ 22.9.

Mo gé páálí tó fi díẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo fi abẹ fá etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń wé téèpù mọ́ ọn wò, títí 144 fi wá bá òdo pàdé láìṣẹ́kù, láìfò. Ó tó wákàtí kan. Mo lẹ téèpù náà mọ́ etí páálí, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ ibi tí kókó kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sí sínú ìwé.

Kókó kìíní, 55. Ìkejì, 110. Ìkẹta, 165, ó ti kọjá ìyípo kan, yọ 144 kúrò, ó ku 21. Ìkẹrin, 76. Ìkarùn-ún, 131. Ìkẹfà, 42. Ìkeje, 97. Ìkẹjọ, 8.

Ọwọ́ mi dúró. Kókó kẹjọ bọ́ sórí 8. Mo padà sókè: ìkẹta bọ́ sórí 21. Mo sáré ṣírò ìkọkànlélógún: ó bọ́ sórí 3. Kókó 55 bọ́ sórí 1, bí ìkìíní ṣe bọ́ sórí 55. Wọ́n ń pààrọ̀ ilé fún ara wọn. Lápá kejì òdo, níbi tí kókó ti ń kùnà láti dé òdo dípò kí ó kọjá rẹ̀, bákan náà ni: ìkarùn-ún fi 13 kùnà, ìkẹtàlá fi 5 kùnà, ìkejì fi 34, ìkẹrìnlélọ́gbọ̀n fi 2. Kókó 89 fi 1 péré kùnà. Kókó 144 wá bọ́ sórí òdo gan-an.

Ta ló gbé wọn síbẹ̀? Téèpù télọ̀ ni mo wé mọ́ páálí. Láàárín òru yẹn mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tí òun náà ń kọ́ni ní ìṣirò, mo ní kó mú ìwé wá. Àwa méjèèjì mọ ìdí rẹ̀ nínú ìṣirò, a lè kọ ọ́ sí pátákó. Síbẹ̀ a kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ tún wo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ọ̀pẹ. Kókó kẹjọ bọ́ sórí 8, sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ sí òdo, ìyẹn dígírì 20. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ tí okùn olókùúta mi fi yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìyẹn.

Ìdí tí igi fi ń ṣe é

Igi kì í ṣírò. Wilhelm Hofmeister, onímọ̀ ewéko ará Jámánì, ti sọ ọ́ ní 1868 pé ewé tuntun máa ń yọ níbi tí àyè ti pọ̀ jù láàárín àwọn tó ti wà nílẹ̀. Ní 1992, Stéphane Douady àti Yves Couder ní Faransé ṣe é láìsí igi rárá. Wọ́n ń kán omi tí irin òòfà ń fà sínú àwo, kí ìkán kọ̀ọ̀kan máa ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń lọ sí etí. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ìkán tuntun yára tẹ̀ lé ara wọn, àwọn ìkán náà to ara wọn sí nǹkan bí dígírì 137.5, wọ́n sì lọ́ bí ti ọ̀pẹ.

Ìdí tó fi jẹ́ igun yẹn gan-an ni pé kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìdá kankan mú òun. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ sún mọ́ ọn, kò bá a. Márùn-ún nínú 13 sún mọ́ ọn sí i, kò bá a. Mẹ́jọ nínú 21, bákan náà. Nínú gbogbo nọ́ńbà tó wà, 1.618 ló le jù láti fi ìdá mú, nítorí náà ìlà sípóòkù kankan kò ní ráyè jáde, àyè kankan kò sì ní ṣófo. 55 nínú 144 tí mo lò jẹ́ ìdá, mo mọ̀; bí mo bá di kókó ẹgbẹ̀rún méjì, sípóòkù 144 á bẹ̀rẹ̀ sí hàn. Fún 377, ojú kò lè rí i.

Bébà, ihò àti ṣọ́ọ̀kì

Mo lẹ bébà àpò sìmẹ́ńtì pọ̀ títí ó fi fẹ̀ ju mítà kan lọ, mo gbé páálí sí àárín rẹ̀, mo fa ìlà gba orí sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan bọ́ sí etí bébà, mo sì kọ nọ́ńbà sí wọn láti òdo dé 143. Mo gbé páálí kúrò. Ìyẹn tán nípa ibi tí kókó ń kọjú sí.

Ó ku bí yóò ṣe jìnnà sí àárín tó. Bí a bá kàn ń fi sẹ̀ǹtímítà kan kún un fún kókó kọ̀ọ̀kan, àárín á há, etí á ṣófo. Helmut Vogel, onímọ̀ físíìsì, kọ ìlànà tó mú kí àyè dọ́gba jáde ní 1979: kókó kẹrin jìnnà ní ìlọ́po méjì ti ìkìíní, ìkẹsàn-án ní ìlọ́po mẹ́ta, ìkẹrìndínlógún ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìyẹn ni pé nọ́ńbà tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ tó fi jẹ́ nọ́ńbà kókó náà ni ìlọ́po rẹ̀. Mo mú sẹ̀ǹtímítà 2.5 fún ìkìíní. Ìkẹrin wà ní 5, ìkọgọ́rùn-ún ní 25, kókó 144 ní 30, èyí tó kẹ́yìn ní 48.5. Ìbú aṣọ òwú funfun tí mo rà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 114, nítorí náà àyè ṣẹ́kù dáadáa létí. Kókó kan sí èkejì tó sún mọ́ ọn jù lé ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin, òrùka tí òkúta wẹ́wẹ́ tí mo ń dì sínú kókó kọ̀ọ̀kan ń ṣe nígbà tí a bá fi ìko wé e kò ju mẹ́ta lọ. Mo kọ́kọ́ dán òrùka náà wò lórí àjákù aṣọ.

Mo fi ìṣó lu ihò sí ààmì kọ̀ọ̀kan, mo tẹ́ bébà sórí aṣọ, mo fi àkísà tí mo ti yí nínú ṣọ́ọ̀kì lílọ̀ gbá a. Ó ṣiṣẹ́ kíá. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ṣọ́ọ̀kì ń parẹ́ bí a ṣe ń gbé aṣọ sókè sódò láti dì í, nítorí náà mo ní láti fi pẹ́ńsù tẹ gbogbo ààmì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kí ó fi pẹ́ńsù sí i kó tó ṣí bébà kúrò. Kí ó sì sàmì sí gbogbo rẹ̀ tán kó tó di ẹyọ kan, torí bí a bá ti ń dì ni aṣọ ń sún kì.

Mo di 40 ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, láti etí wá sí àárín, kí apá tí mo ti dì má baà máa dí mi lọ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀ gbà. Nígbà tó tán, aṣọ náà ti di ohun kan tó ṣù, tó ń gún ni, bí ẹ̀yìn òòrẹ̀.

Aró

Màmá ló pa á láró. Aró ìgbàlódé ni, pẹ̀lú sódà àti háídírò. Wọ́n ní nígbà èwe àwọn, ẹ̀lú gígún àti omi eérú ni, ọjọ́ mélòó kan ló sì máa ń gbà kí ìkòkò tó dé. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ aṣọ náà sínú omi lásán kí aró lè mu ún dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tì í bọ inú ike. Bí wọ́n bá fà á jáde, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó fẹ́ pọ́n, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ á kàn án, á sì máa di dúdú aró níṣojú ẹni. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n tì í bọ̀ ọ́, tí wọ́n ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ láàárín. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta lè tó, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n. Mo fẹ́ kó dúdú bí òru.

Ìtúsílẹ̀

Abẹ ni a fi ń já ìko, ọwọ́ kò sì gbọ́dọ̀ gbọ̀n. Ọmọ wọn obìnrin bá wa já a. Àwa mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta. A fi omi ṣàn án, a ta á sórí okùn, a sún sẹ́yìn.

Ó ń yí. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Aṣọ náà dúró jẹ́ẹ́ lórí okùn, ṣùgbọ́n ojú kò lè dúró sójú kan lórí rẹ̀. Wo àárín, ìlọ́ 13 ni yóò mú ọ jáde. Bí o bá ti tẹ̀ lé e díẹ̀, 21 á gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á yí ọ sí apá kejì. Nígbà tí o bá fi máa dé etí, 34 àti 55 ló ń kọjá lórí ara wọn. Mo fi píìnì kà wọ́n létí: 34 sí apá kan, 55 sí apá kejì. N kò fa ìlà ìlọ́ kankan. Ohun tí mo ṣe kò ju pé mo fo 55, mo fo 55, mo fo 55.

Màmá kò sọ ohunkóhun fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá na ìka sí apá òkè, lápá ọ̀tún. "Eyín kan ká níbẹ̀ yẹn."

Òótọ́ ni. Kókó 212 yẹ kó jìnnà sí àárín ní 36.4, mo ti kọ ọ́ sí 34.6 nínú ìwé mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kókó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ihò sílẹ̀ lókè. Kò tó sẹ̀ǹtímítà méjì, lára kókó kan nínú 377, ẹni tí n kò sọ ìṣirò kankan fún sì rí i kí n tó rí i. Mo ti kà nípa àwọn tó ń wá ìpín wúrà lára tẹ́ńpìlì Parthenon, lára ojú èèyàn, lára ìkarahun. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n fi rúlà fipá mú. Wọ́n sọ pé káàdì ATM bá a mu. Mo wọn tèmi: 85.6 mìlímítà sí 54, ìyẹn 1.585. Kò bá a mu. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mí, torí ibi tí ohun náà wà ní tòótọ́ ń bẹ nítòsí wa, èèyàn lè fi ìka kà á. Ewéko pàápàá máa ń yẹ̀ nígbà mìíràn. Nígbà tí àwọn ará ìlú ka ìlọ́ orí òdòdó sunflower 657 nínú ìwádìí kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2012 ní ìrántí Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí kó tó kú ní 1954, ọ̀pọ̀ jù lọ ló bá nọ́ńbà Fibonacci mu, àwọn kan kò sì bá a mu. Ìyẹn kò dín in kù lójú mi.

Àárín aṣọ

Ohun kan ṣoṣo tí èmi àti Màmá kò fẹnu kò lé lórí ni àárín. Mo fi í sílẹ̀ lófìfo, nítorí kókó kìíní wà ní sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ péré sí i, òrùka méjèèjì á gun ara wọn. Lójú tiwọn, ìràwọ̀ nìkan ni mo dì.

"Oṣù dà?" ni wọ́n bi mí.

Mo ṣàlàyé àyè fún wọn. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n sì ní kí n gbé bébà oníhò náà wá. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n fi ìka wọn ka ihò láti àárín jáde, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, títí dé mẹ́jọ, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó bò wọ́n tán géérégé.

"Má dì ìwọ̀nyí. Di oṣù kan ṣoṣo síbẹ̀, kó tóbi."

Mo ṣírò rẹ̀ nígbà tí mo délé. Kókó kẹsàn-án wà ní sẹ̀ǹtímítà 7.5 sí àárín, nítorí náà oṣù tó fẹ̀ tó 10 lè jókòó síbẹ̀ láìkan ìràwọ̀ kankan. Kókó kéékèèké á ku 369. Bébà náà kò sí lọ́wọ́ mi mọ́ báyìí. Màmá ló ti gbà á, aṣọ wọn ti wà nílẹ̀, mo sì ti tún 212 ṣe kí n tó fún wọn.